Ẹ jọ̀ọ́, ṣé pàǹtí tó kún ojú òfuurufú lókè yẹn ò ní ṣe àwọn tó ń gbé inú ISS, ilé ńlá tó ń yí ayé po lókè, léṣe?

IyaBola: Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Lánàá tílẹ̀ ń ṣú, èmi àti ọmọ mi wà lójúde la bá rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, kò ṣẹ́jú bíi ti bàálù, kò pariwo, ìgbà tó yá ó kàn parẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ kò sí kùrukùru kankan. Àbúrò mi ní ISS ni, pé èèyàn ń bẹ nínú ẹ̀. Ọmọ yìí ò jẹ́ n sùn, ó ní ṣé wọ́n rí wa ni. Mo wá gbọ́ pé pàǹtí ti kún ibẹ̀ débi pé wọ́n sá pamọ́ nígbà kan. Ta ló ń dalẹ̀ sókè ọ̀hún?

Aworawo: ISS ni mà. Bíi 400 km ló fi ga, wákàtí kan ààbọ̀ ló sì fi ń yí ayé po. Oòrùn tó ti wọ̀ fún wa ṣì ń tàn sí i lára, ìgbà tó wọ òjìji ayé ló bọ́ mọ́ yín lójú. Òótọ́ ni pé wọ́n sá pamọ́. November 15, 2021, Rọ́ṣíà fi mísáìlì fọ́ sátẹ́láìtì ara wọn, Kosmos 1408, ó di ègé tó lé ní 1,500, àwọn méje tó wà nínú ISS bá lọ kó sínú ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà, bóyá wọ́n á sáré délé. Ọmọ Rọ́ṣíà méjì wà nínú wọn o! Ó dùn mí gan-an. Ṣáínà náà ti ṣerú ẹ̀ ní 2007.

Omo_Fisiisi: Eré tí àwọn ègé yẹn ń sá ni wàhálà. Kó o tó ka ogún, nǹkan ọ̀hún á ti kúrò l'Ékòó dé Ìbàdàn. Ní 1983, èépá ọ̀dà bíńtín ló dá kòtò sí wíńdò Challenger, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà. Wọ́n fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ISS lára, ìyẹn ń gba èyí tó kéré, èyí tó tóbi tó ọsàn, rédà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òkè láti ilẹ̀, á rí i, wọ́n á sún ISS kúrò lọ́nà. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì, bíi kóró àgbàdo sí ẹyin adìẹ, páànù ò lè gbà á, rédà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìyẹn gan-an lẹ̀rù ń bà mí sí.

Aworawo: Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ á padà wálẹ̀ kó jóná. Àwọn tó wà ní bíi 800 km, níbi tí sátẹ́láìtì méjì, Iridium 33 àti Kosmos 2251, ti forí gbárí ní 2009, ọmọ-ọmọ wa ṣì máa bá wọn níbẹ̀.

IyaBola: Ẹ ṣé gan-an. Ọmọ mi ní ṣé àwọn tó wà lókè ò lè gbálẹ̀ ni?

Omo_Fisiisi: Ẹ sọ fún un pé báàgì irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin méjì tó ń ṣàtúnṣe níta ISS ní November 2023, nígbà náà, àwọn tó ní awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn rí i láti ilẹ̀ bó ṣe ń lọ, síbẹ̀ wọn ò lè lọ mú un.