Ṣé kí n ti mú tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀ láti Ìbàdàn, àbí kí n dé ọ̀hún ná?

Tíṣà Mọ́kọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹni ọdún 71 ni mí, tíṣà ìtàn ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, ọmọ mi obìnrin tó wà ní London ló ní kí n wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ òun, ó ní a tún máa tibẹ̀ wọ rélùwéè lọ Paris fún ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan méjì ló wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ rí orí idẹ Ifẹ̀ tó wà ní British Museum, ní London, lójúkojú, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n hú jáde lágboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, torí gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ni mo fi ń ya àwòrán ẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù fáwọn ọmọ. Ìkejì, mo fẹ́ wọ Louvre, mùsíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní Paris. Orúnkún mi ọ̀tún ò wá dáa, tí n bá ti dúró ju ìṣẹ́jú 20 lọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ṣé kí n ti mú tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ látìbí ni? Ṣé wọ́n máa ń dín owó kù fágbàlagbà? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìyá Ìbejì Bódìjà
Bàbá, ẹ ó lọ ire ẹ ó bọ̀ ire o. British Museum ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wá wo nǹkan tó wà ńlẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ yín lọ sórí wẹ́búsáìtì wọn kó mú tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tó ní àkókò nínú, torí tí èrò bá pọ̀, àwọn tó ní in ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà wọlé. Yàrá 25 ni kẹ́ ẹ béèrè, ìsàlẹ̀ ló wà, ẹ má fẹsẹ̀ sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ o, ẹ ní kí wọ́n fi lífùtù hàn yín. Wọ́n tún máa ń yáni ní kẹ̀kẹ́ arọ, ẹ gbà á, kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Èmi àti màmá mi la jọ lọ. Wọ́n dé iwájú orí yẹn, wọ́n tẹjú mọ́ àwọn ilà tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n, ọ̀dà pupa ṣì kù díẹ̀ lára adé ẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn kúnlẹ̀. Àwọn òyìnbó ń wò wá. Èmi náà bá kúnlẹ̀ tì wọ́n.

Arìnrìnàjò Ring Road
Ti Louvre yàtọ̀ pátápátá bàbá. Láti Jánúárì 2026, yúrò 32 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwa tá a wá láti ìta Yúróòpù, wọn ò sì wo ti àgbà mọ́ni lára níbẹ̀, àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18 ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn kì í ṣí ní Túsìdeè. Tíkẹ́ẹ̀tì alákòókò ni kẹ́ ẹ rà o, ìlà tẹ́ni tí ò ní in ń tò lè gùn gan-an, orúnkún yẹn ò ní gbà. Àmọ́ ẹ má tíì rà á! Físà ìlú ọba ò gbé yín wọ Faransé, Schengen, ìyẹn físà tí wọ́n fi ń wọ Faransé, lọ́tọ̀ ni. Èmi ti sanwó mùsíọ́ọ̀mù ìlú kan sílẹ̀ rí fún èmi àti ìyàwó mi kí físà tó jáde, wọn ò fún wa ní físà, mùsíọ́ọ̀mù ò dá owó padà, báyẹn lowó ṣe wọlẹ̀. Físà kọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tẹ̀ lé e.

Ọmọ Mápó
Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fi káàdì tiẹ̀ san án, káàdì náírà lè dá yín lágara. Kó sì rí i dájú pé wẹ́búsáìtì mùsíọ́ọ̀mù gan-an ló wà, torí èyí tó bá kọ́kọ́ yọ lórí Google lè jẹ́ ti alágbàtà tó ti gbówó lé e. Ti ẹ̀dínwó àgbà, ibì kan ò jọ̀kan: mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid, ìdajì ni ẹni ọdún 65 sókè ń san, mùsíọ́ọ̀mù Met ní New York, dọ́là 22 dípò 30. Ẹ máa mú pásípọ́ọ̀tù dání, òun ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí.

Tíṣà Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ ò ní rí àárẹ̀. Mo ti pe ọmọ mi, ó ti mú ti London fún Fúráìdeè torí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tì lọ́jọ́ yẹn. Ti Paris dìgbà tí Schengen bá jáde. Ìyá Ìbejì, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa màmá yẹn wọ̀ mí lára, omi bọ́ lójú mi. Mò ń mú bébà àti pẹ́ńsùlù lọ, mo fẹ́ jókòó síwájú ẹ̀ kí n yà á lẹ́ẹ̀kan sí i.