Ìrírí mi nípa ẹ̀pà tó bu, láti ọjà Daleko

Ọjà Daleko ní Múṣin ni mo ti ń ra ẹ̀pà tí mo ń dín, tí mo sì ń rọ sínú ìgò tà. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, bí ó ti rí láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti so Kánò mọ́ Èkó ní 1912, tí ẹ̀pà sì ń gba èbúté wa kọjá sí Yúróòpù. Ọ̀nà náà jìn; ẹ̀pà tí wọn kò sá gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sápò, tí òjò tún wá pa lójú ọ̀nà, yóò ti bu kí ó tó dé ọwọ́ wa.

Ìyá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn kì í ra àpò láìti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọn yóò kó ẹ̀kúnwọ́ kan, wọn yóò gbóòórùn rẹ̀, wọn yóò sì la mélòó kan sí méjì, nítorí pé ara ẹ̀pà lè máa dán nígbà tí inú rẹ̀ ti bu. Ní àkókò òjò kan, oníṣòwò kan fẹ́ ta ẹ̀pà tó tutù fún wa ní owó pọ́ọ́kú, ó ní iyọ̀ àti iyanrìn gbígbóná yóò pa ohunkóhun tó bá wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba èyí gbọ́, ó sì ń dùn mí. Iná lè pa ẹ̀bu, ṣùgbọ́n májèlé tí ẹ̀bu ti tú sínú ẹ̀pà, tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, kì í tán nínú dídín, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ẹ̀pà láti Brazil pò. Ìwádìí ikú wọn ni àwọn onímọ̀ fi mọ májèlé náà. Ìyá kò ra ẹ̀pà tútù oníṣòwò náà.

Ṣíṣà ló ń gba àkókò mi jù. Èyí tó dúdú, tó hunjọ tàbí tó fọ́, mo ń yọ ọ́ kí n tó fi omi iyọ̀ rẹ ìyókù. Bí mo bá dín in tán, tí mo bó o, tí mo sì fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, mo tún ń ṣà á, torí ìgbà yẹn ni èyí tó bàjẹ́ máa ń hàn sí ojú jù.

Aládùúgbò mi kan tó ń ṣe kúlíkúlí bẹ̀ mí pé kí n máa ta àwọn tí mo ṣà dànù fún òun. Mo ṣàlàyé fún un pé bí a bá fún òróró kúrò, inú èérí tí a fi ń ṣe kúlíkúlí gan-an ni èyí tó pọ̀ jù nínú májèlé náà máa ń kù sí. Kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn nínú, n kò sì dá a lẹ́bi, nítorí ẹ̀pà ti wọ́n. Ní báyìí, a jọ ń dá owó ra àpò tó gbẹ ni, a ń ṣà á pọ̀, a sì ń pín in.