Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi iPod gbọ́ orin nínú mọ́tò, ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìlọrin, Kúbwà:
Ẹ kú ilé o. Ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja relé mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá Abaji, nẹ́tíwọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège, orin orí fóònù á há, rédíò Àbújá náà á ti di ariwo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ta iPod mi, ẹ̀rọ orin Apple tí orin inú rẹ̀ kò nílò nẹ́tíwọ̀kì.

Èyí tó jáde lọ́dún 2005 ni, 30GB. Mọ́tò mi, Big Daddy 2004, kò ní USB, kò ní AUX, kásẹ́ẹ̀tì ló ní. Kásẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà nídìí ni mo kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi tíransímítà FM, èyí tó ń ta orin sí rédíò mọ́tò, sílẹ̀ jàre, iléeṣẹ́ rédíò ti kún gbogbo ojú FM ní Àbújá.

Háàdì dísíìkì inú iPod náà, ibi tó ń kó orin sí, ló kọ́kọ́ dákú. Ó ń yí gidi ni, bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kòtò ojú ọ̀nà ò sì ṣàánú rẹ̀. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, àwòrán iPod tó fajú ro wá yọ sójú rẹ̀. Mo bá ra pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní iFlash, tó ń jẹ́ kí káàdì SD rọ́pò dísíìkì. Kò sí síkúrù lára iPod yìí. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ó fi máa tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á ya wàrà o! Wáyà pẹlẹbẹ ti bátìrì àti ti ihò íápíìsì ló so ẹ̀yìn mọ́ iwájú. Ẹ fi èékánná gbé ìdè tó di ti bátìrì mú sókè kẹ́ ẹ tó yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan káàdì. Ẹni tó tà á fún mi ń búra pé "orijina ni", 128GB ni wọ́n sì kọ sára rẹ̀. Kí n tó kó orin kankan sí i, mo fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ káàdì wò, dán an wò. Ṣe ni H2testw máa ń kọ nǹkan kún káàdì dẹ́nu, á wá padà kà á. Ohun tí káàdì yẹn lè gbà ní tòótọ́ kò ju 32GB lọ! Wọ́n ti kọ́ ọ ní irọ́ láti inú wá. Tí mo bá kó orin sí i, kò ní kọ̀, àfi kí apá tó pọ̀ máa fò láìdún. Mo dá a padà, a fa ọ̀rọ̀ díẹ̀, ó fún mi lówó mi. Àmọ́ tí kọ̀ǹpútà bá sọ pé 119GB ni káàdì 128GB yín, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ìṣirò Windows ló yàtọ̀.

Pẹ̀lú káàdì tòótọ́, mo fi iTunes orí kọ̀ǹpútà tún iPod náà ṣe, mo wá fi Rockbox sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò ti Apple. Ó ní ètò kan fún mọ́tò: tí mo bá paná, tí iná ṣájà lọ, orin á dúró. Tí mo bá tún tan mọ́tò, á máa bá a lọ níbi tó dé. Fújì tí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ mọ bó ṣe ń dunni tó tó bá tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò lè tú nǹkan kan o. Sansa Clip+ ni tèmi, ẹ̀rọ orin kékeré ti SanDisk, ó ní ojú tí wọ́n ń ki microSD bọ̀. Wọ́n ní kò gbà ju 32GB lọ, 64GB ló wà nínú rẹ̀ báyìí. Àfi kẹ́ ẹ fọ́máàtì káàdì náà sí FAT32, irú ètò fáìlì tí ẹ̀rọ náà lè kà. Windows kò fún mi láyè, guiformat, ètò kékeré kan fún fífọ́máàtì káàdì, ni mo lò. Tí ẹ bá kó orin tuntun sí i, ẹ ní sùúrù, á pẹ́ kó tó kà á tán.

Atúnfóònùṣe, Wúsè:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n fi kún un. Ẹ má fi iPod sílẹ̀ nínú mọ́tò ní oṣù Ẹrẹ́nà. Apple ní kó má kọjá 35°C tó bá ń ṣiṣẹ́, ibi dáṣíbọ́ọ̀dù Àbújá sì ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Mo ti rí èyí tí bátìrì rẹ̀ wú títí tó fi ti ojú rẹ̀ síta.

Ìyá Ìbejì, Kàdúná:
Ọkọ mi ní iPod Classic 2007 kan, 80GB. Ṣé káàdì 256GB á wọlé?

Atúnfóònùṣe, Wúsè:
Rárá, mà. Ti 2007 yẹn àti ti 2008 kì í ka ju 128GB lọ. Ti 2009 ló ń gba púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀ nínú About: MC293 tàbí MC297 ni kẹ́ ẹ wá.