Kúlà mi ń jò, omi ọkà ò sì fẹ́ dà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànní Manchester:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń pọn bíà nílé, àmọ́ ti inú agolo ni, oje mọ́ọ̀tì (ọkà tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì sá gbẹ) tó ki bí oyin tí èèyàn kàn máa ń pò mọ́ omi. Ó wá ń ṣe mí bíi kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkà gan-an. Mo wo iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń ṣe é, mo rọra pa fóònù dé. Ìyàwó mi ní kò sí owó yẹn nílé yìí, òótọ́ ló sì sọ.

Mo bá ra kúlà oní lítà 32, èyí tí wọ́n fi ń gbé ohun mímu lọ sóde. Mo lu ihò sí i nídìí, mo ki ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, mo fi ayùn la ojú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sára páìpù bàbà, mo tẹ́ ẹ sínú kó lè máa sẹ́ omi jáde. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo da kílò 5 ọkà báálì àti omi gbígbóná sí i, kí sítáàṣì inú ọkà lè di ṣúgà. Ojú mi rí nǹkan. Ìwọ̀n 67 ti Celsius ni tẹmọ́mítà wà nígbà tí mo dé e. Nígbà tí mo fi máa ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan, ó ti di 61. Ẹnu ẹ̀rọ ń jò sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Nígbà tí mo ní kí omi ọkà máa dà, ó ṣe tíntín bí ìtọ̀ ọmọdé, ló bá dákẹ́. Mo fẹnu fẹ́ rọ́bà tí mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ títí ètè fi bó mi. Lítà 19 ni mo ń retí, 11 ni mo rí.

Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Ṣé dandan ni kí n ra páìpù tí wọ́n fi ń mú omi ọkà tutù lẹ́yìn tí wọ́n bá sè é tán? Bàbá mi sì ń bọ̀ láti Ṣakí ní Disẹ́ńbà, ọtí ọkà bàbà ni wọ́n fẹ́ràn. Ṣé kúlà kan náà lè ṣe é?

Bọ̀dá Púlọ́mbà, Peckham:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kí n tó sọ ohunkóhun: kí lo fi lọ ọkà yẹn?

Àkànní Manchester:
Bùlẹ́ńdà ni o, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kó kúnná dáadáa.

Bọ̀dá Púlọ́mbà:
Mo mọ̀! Ògì lo lọ̀. Èèpo ara ọkà báálì gan-an ni asẹ́ rẹ. Tó o bá ti lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, ibo ni omi fẹ́ gbà? Ńṣe ló yẹ kí hóró rẹ̀ kàn fọ́ sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí èèpo wà lódidi. Ní kí ẹni tó ń tà á bá ọ fọ́ ọ. Ojú tó o là sára páìpù, ilẹ̀ ni kó kọjú sí. Má sì ṣí ẹ̀rọ gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà, torí ńṣe ló máa fa gbogbo ọkà mọ́ ojú páìpù. Èyí tó bá kọ́kọ́ dà máa dọ̀tí; bù ú padà sórí ọkà títí omi rẹ̀ á fi mọ́.

Ti jíjò yẹn, ríńgì sílíkóònù ni kó o fi sí i, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta. Ike máa ń fẹ̀ tí omi gbígbóná bá kàn án, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jò nígbà tó o bá fi omi tútù dán an wò. Ti ooru: kúlà tútù máa ń mu ooru. Da omi híhó sí i, dé e fún ìṣẹ́jú 15, kó o dà á nù. Fún kílò 5, lítà 13 omi tó wà ní nǹkan bíi 75 á balẹ̀ sí 67. Tẹ ìdérí kúlà náà wò. Èyí tí kò wọ́n, òfìfo ni inú ìdérí rẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ń gbà lọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kan lílu kúlà? Àkànní ọkọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì nílé yín? Ṣebí aṣọ ni! Mo ra kọ́tìnì ojú fèrèsé, funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo rán an bí àpò tó gba ẹnu ìkòkò, mo da ọkà sínú àpò nínú omi gbígbóná, mo fi dúfè wé gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ooru ò ju ìwọ̀n méjì lọ tó fi wálẹ̀. Mo gbé àpò sókè, omi ọkà ṣẹ́ kù sílẹ̀, èérí wà nínú aṣọ. Nínú ìkòkò yẹn náà ni mo ti sè é. Èèyàn tiẹ̀ lè fi bùlẹ́ńdà lọ ọkà ẹ̀, kò ní dí.

Ìkòkò ńkọ́? Èyí tá a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù òde ni, oní lítà 40. Àmọ́ fọ epo kúrò lára ẹ̀ dáadáa, torí epo máa ń pa ìfófó bíà. Má sì fi irin ha á títí á fi máa dán. Àwọ̀ dúdú inú ẹ̀ ló ń dáàbò bo ìkòkò. Tó o bá máa dáná sábẹ́ ẹ̀ nígbà tí àpò ṣì wà nínú, da àwo dé sí ìsàlẹ̀, kí aṣọ má jó. Àpò yẹn wúwo o! Kílò 5 ọkà máa ń mu nǹkan bíi lítà 5 omi. Orí àkàbà ni mo máa ń so tèmi kọ́ lẹ́yìn tí ẹ̀yìn ọkọ mi ti yẹ̀.

Ṣẹ́gun Croydon:
Ẹ má da ara yín láàmú. Tú irin oníná inú kétù olówó pọ́ọ́kú méjì, kì wọ́n bọ ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ọkà á hó kùṣọ̀.

Bọ̀dá Púlọ́mbà:
Ṣẹ́gun, mo ti ṣe é rí. Mo ki méjèèjì bọ ẹ̀sítẹ́ṣàn kan ṣoṣo. Wáyà yọ́, ó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yẹ kó ní ojú iná tirẹ̀ lára ògiri, omi sì gbọ́dọ̀ bo irin rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú ilé àyágbé, mi ò gbà ọ́ nímọ̀ràn ẹ̀.

Ti ìtutù, àbúrò, mítà 10 páìpù bàbà tó tẹ́ẹ́rẹ́, wé e mọ́ ara ìkòkò kékeré kó ká, kó o wá máa fi omi ẹ̀rọ kọjá nínú ẹ̀. Omi Manchester tutù tó. Tí owó ò bá sí, ṣe bí àwọn ará Australia: wọ́n máa ń da omi ọkà híhó sínú kẹ́ẹ̀gì ike tó lè gba ooru (èyí tí nọ́ńbà 2 wà nídìí ẹ̀), wọ́n á dé e pa, ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fi ìwúkàrà sí i. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti fi gbé kẹrosíìnì tàbí ọ̀dà rí ò ṣe é lò.

Ọmọ Ọlọ́tí Ìṣẹ́yìn:
Kí n dá sí ti ọkà bàbà. Kúlà ò ní ṣe é, Àkànní. Bàbà ò ní èèpo bíi ti báálì, ojú páìpù á dí. Àpò Ìyá Ìbejì lo máa lò.

Wàá rí bàbà lódidi ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Íńdíà, jowar ni wọ́n ń pè é. Rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan kọ́kọ́ wò bóyá á hù. Tó bá hù, rẹ ìyókù fún ọjọ́ kan, tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù, máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kó o wá sá a gbẹ. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ra gbogbo gbòǹgbò àti èéhù kúrò pátápátá, kó o fẹ́ ẹ nù. Májèlé wà nínú èéhù bàbà. Ìyá mi kì í fi ìyẹn ṣeré.

Nǹkan mìíràn: sítáàṣì báálì máa ń rọ̀ ní nǹkan bíi 65. Ti bàbà, àfi tó bá kọjá 70 dáadáa, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn ló ń pa ohun tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe ni pé wọ́n á po ìyẹ̀fun mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀, wọ́n á bu omi tó mọ́ lórí ẹ̀ sọ́tọ̀, torí inú ẹ̀ ni ohun tó ń ṣe ṣúgà yẹn wà. Wọ́n á wá se ìsàlẹ̀ tó ki bí ẹ̀kọ, á rọlẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó da omi àkọ́kọ́ yẹn padà. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fòfin de mọ́ọ̀tì báálì tòkè òkun ní 1988, tí àwọn iléeṣẹ́ ọtí ń wá bàbà àti àgbàdo kiri, rẹ́rìn-ín ni ìyá mi kàn ń rẹ́rìn-ín.

Àkànní Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ti ní òun á ra mẹ́wàá fún òde ìsọmọlórúkọ.

Ìyá Ìbejì:
Má tà á o! Láti 1963 ni ìjọba ibí ti ní kéèyàn máa pọn bíà nílé láìgba ìwé àṣẹ, àmọ́ fún mímu tìrẹ ni. Fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àkànní Manchester (ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà):
Lítà 18! Omi rẹ̀ mọ́ rekete, ó ti ń hó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbà náà ti ń hù lórí táwẹ́ẹ̀lì ní bááfù. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí, ó ń bi mí pé kí ló dé tí fèrèsé yàrá àlejò wà níhòòhò.