Ẹ gbà mí: níbo ni mo ti lè ya X-ray ọwọ́ ọmọ n'Íbàdàn?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 8, àbúrò rẹ̀ ti ga jù ú lọ. Dókítà ní kó dìkúùkù, oríkèé ìka tó tẹ̀lé ọmọńdinrín sì wọnú. Ó ní ká ya X-ray ọwọ́ òsì, kí wọ́n wọn gígùn egungun rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ rí i. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: UCH ni o. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ débẹ̀, kẹ́ ẹ mú ìwé dókítà dání.

Màmá Tọ́lá: Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń ya X-ray lójú títì! Níbi tí mo gbé tèmi lọ, ọmọ ń sunkún, ó ká ìka kò, wọ́n sì yà á bẹ́ẹ̀. Dókítà ní ìka tó bá ká kò, egungun rẹ̀ á kúrú lójú fọ́tò, kò ṣeé wọ̀n. Mo san owó lẹ́ẹ̀mejì. Inú ṣì ń bí mi.

Bàbá Fẹ́mi: Ibo nìyẹn? Ẹ dárúkọ wọn!

Ìyá Ìbejì: X-ray lẹ́ẹ̀mejì? Mi ò jẹ́ gbà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ teguntegun kó fi epo ra á.

Nọ́ọ̀sì Bísí: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, egungun yìí ò kán, epo ò lè fà á gùn. Ìtànṣán X-ray ọwọ́ kéré gan-an. Egungun 19 ló wà láti àtẹ́lẹwọ́ dé orí ìka. Wọ́n á wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan ní mìlímítà, wọ́n á fi wé ti ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí egungun àtẹ́lẹwọ́ ìkẹrin bá kúrú, tí ọmọ náà ò sì ga, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò bóyá Turner ni, àìsàn àbímọ́ tí kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin ga, tàbí ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le. Ó sì lè jẹ́ ti ìdílé lásán. Ẹ wo ọwọ́ tiyín àti ti bàbá rẹ̀.

Kóòṣì Àdúgbò: X-ray yìí ni FIFA fi ń mú àwọn tó ń dín ọjọ́ orí kù.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: MRI ni tiwọn, ẹ̀rọ òòfà tó ń ya àwòrán inú ara, láti Ife Àgbáyé U-17 tí a gbà lálejò ní 2009. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá.

Bàbá Fẹ́mi: Màmá Tọ́lá, orúkọ ibẹ̀ dà?

Màmá Tọ́lá: Mi ò ní sọ ọ́.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣé, ẹ̀yin èèyàn mi. UCH jìnnà sí mi, ibi tó wà nítòsí ilé wa la lọ lánàá. Mo ní kí wọ́n mú sùúrù títí ọmọ fi tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ, tó ya àwọn ìka sọ́tọ̀, kí wọ́n tó yà á. Lálẹ́, mo dìkúùkù tèmi níwájú iná. Oríkèé ìkẹrin tèmi náà wọnú.