E. coli (kòkòrò inú ìgbẹ́) tún padà sínú kànga ní Ìkòròdú, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí omi. Kànga ilé kan ní Ìkòròdú ni. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.2, omi inú rẹ̀ ga tó mítà 3, ìyẹn bíi lítà 3,400. Wọ́n da HTH (oògùn chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi) oní 65% sí i, gíráàmù 260, kí chlorine lè tó mílígíráàmù 50 nínú lítà kan. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fa omi náà títí òórùn chlorine fi lọ. Àyẹ̀wò mọ́. Òjò rọ̀ tán, E. coli tún yọjú, bẹ́ẹ̀ ìlànà Nàìjíríà ò gba ẹyọ kan nínú mílílítà 100.

Ẹ má dá ilé àyẹ̀wò lẹ́bi: ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni wọ́n fi bu omi, inú yìnyín ló wà, kò sì tó wákàtí mẹ́fà tó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. (Ìgò omi tí èèyàn ti mu ò ṣe é lò o.)

Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ aládùúgbò ò ju mítà 11 lọ sí kànga, bẹ́ẹ̀ 30 ni wọ́n sábà ń ní ká fi sílẹ̀. Ojú ìsopọ̀ ríìngì méjì tòkè ń jò, sìmẹ́ǹtì ẹnu kànga ti sán, àgbàrá ń gba ibẹ̀ wọlé. Orí iyanrìn ni garawa àti okùn ń sùn.

Ṣé ká fi sìmẹ́ǹtì dí ìsopọ̀ ríìngì dé mítà 3 sísàlẹ̀, àbí ká kúkú gbẹ́ borehole? Chlorine nìkan ò lè yanjú ẹ̀. Kòkòrò tinú kànga ló ń pa, kò dí ojú ihò.

Ta ló ti pe wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀ sí irú ọ̀rọ̀ kòtò aládùúgbò yìí rí? Ṣé lẹ́tà ni wọ́n ń gbà, àbí èsì àyẹ̀wò ti tó? Baálé ilé kejì ò fẹ́ gbọ́ rárá.