Ìbéèrè méjì tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí lórí ìmọ́lẹ̀ àti ihò kékeré

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ìrírí tí àwọn olùkọ́ tó ṣáájú mi kọ nípa ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ bi wọ́n, n ó sì fi tèmi kún un. Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Nígbà tí a ń ka ẹ̀kọ́ lórí ìgbì, mo ṣàlàyé ìdí tí a fi ń rí oúnjẹ inú ẹ̀rọ máíkírówéèfù láti ojú ihò wẹ́wẹ́ ara ilẹ̀kùn rẹ̀, síbẹ̀ tí ìgbì tó ń mú oúnjẹ náà gbóná kò lè gba ibẹ̀ jáde. Gígùn ìgbì ọ̀hún, ìyẹn láti ṣóńṣó kan dé èkejì, tó sẹ̀ǹtímítà 12, ìbú ihò náà kò sì ju mílímítà mélòó kan lọ; ti ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran ló kéré ju ihò náà lọ fíìfíì. Mo wá mẹ́nu ba òfin tí onímọ̀ físíìsì Hans Bethe gbé kalẹ̀ ní 1944: bí ihò bá ti kéré sí gígùn ìgbì gan-an, tí a sì tún dín ìbú rẹ̀ kù sí ìdajì, ìpín tó ń ráyè kọjá nínú ohun tó bọ́ sójú ihò náà yóò dín kù ní ìlọ́po 16.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá tí ìmọ́lẹ̀ á fi gba ihò tó kéré ju gígùn ìgbì rẹ̀ lọ kọjá ni?"

Inú mi dùn púpọ̀, nítorí pé nínú gbogbo físíìsì, ìdáhùn ìbéèrè yìí wà lára ohun tó wù mí jù. Ní 1998, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Thomas Ebbesen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí lára fàdákà tí sísanra rẹ̀ kò ju 200 nánómítà lọ (mílíọ̀nù kan nánómítà ló wà nínú mílímítà kan), tí wọ́n tẹ́ sórí kuọ́tísì, ohun tó mọ́ gaara bíi dígí, tí wọ́n sì lu ihò sí létòlétò. Ìbú ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ nánómítà 150. Láti àárín ihò kan dé àárín èkejì jẹ́ nánómítà 900. Ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1,370 gba ibẹ̀ kọjá, èyí tó kọjá sì ju ìlọ́po méjì èyí tó bọ́ sójú àwọn ihò náà fúnra wọn lọ! Ara fàdákà tó yí ihò ká ni ìyókù ti wá: ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ síbẹ̀ mi àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ojú fàdákà, ó di ìgbì tó ń rìn mọ́ ojú rẹ̀, ó gba ihò wọlé, ó sì padà di ìmọ́lẹ̀ ní òdìkejì. Ṣebí báyìí náà ni òjò orí páànù ṣe ń ṣàn sínú àgbá, tí omi inú rẹ̀ fi ń pọ̀ ju èyí tó bọ́ sí ẹnu àgbá gan-an lọ. Nígbà tí wọ́n fi jẹmáníọ́ọ̀mù, èròjà tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò lómìnira bíi ti fàdákà, rọ́pò fàdákà, wọn kò rí irú rẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì jókòó. Ó ní, "Ihò ara ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yẹn náà wà létòlétò, sà. Kí ló dé tí ìgbì rẹ̀ kì í jò jáde?"

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù. Mo ní kí wọ́n wo àyè tó wà láàárín àwọn ihò. Ìgbì nánómítà 1,370 yẹn máa ń kúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kuọ́tísì títí yóò fi sún mọ́ nánómítà 900, ìyẹn àyè àárín ihò fàdákà náà, ìbámu yìí ló sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ lè di ìgbì ojú fàdákà. Ní ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ wa, mílímítà díẹ̀ péré ló wà láàárín ihò méjì, nígbà tí ìgbì rẹ̀ tó mílímítà 120. Kò sí ìbámu níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbì náà kì í fi í jò jáde.